Ẹja Tó Ń Jẹ Ewé Lára Àpáta

 

Ẹni tó bá ń ta àrọ̀ mọ̀ pé ẹja ń jẹ ẹja, nítorí a máa ń bá a nínú rẹ̀ tá a bá là á. Ṣùgbọ́n ẹja kan wà nílẹ̀ Brazil tó jẹ́ pé ewé loúnjẹ tiẹ̀. Odò Xingu ló ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Pará, odò tó ń ṣàn lọ bá odò Amazon. Páákù ni wọ́n ń pe irú ẹja bẹ́ẹ̀. Ìbátan piranha ni, ẹja tó ń fi eyín já ẹran nì, àmọ́ ìwà wọn ò jọra.

Ẹja yìí kì í gbé inú omi tó dákẹ́. Ibi tí omi ti ń sáré, tó ń já lu àpáta, tó ń hó yaya, ibẹ̀ gan-an nilé ẹ̀. Ẹ ó ní kí ló ń wá níbẹ̀? Oúnjẹ ni. Ewéko kan wà tí kì í hù lórí erùpẹ̀, ara àpáta ló máa ń lẹ̀ mọ́ nínú omi tó ń sáré. Bí omi bá dákẹ́, ewéko náà ò lè yè.

Ẹnu ẹja yìí ò sí níwájú bíi ti ẹja tá a mọ̀, abẹ́ orí ló wà, tó fi rọrùn fún un láti máa gé ewé lára òkúta. Ní 1992 ni ọ̀mọ̀wé Michel Jégu kọ nípa rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Ossubtus xinguense. Ìtumọ̀ Ossubtus ni ẹnu ìsàlẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wá wà rèé. Wọ́n sé odò Xingu nítorí iná mànàmáná. Belo Monte lorúkọ ibẹ̀. Ní 2011 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní ìparí 2015 wọ́n sé omi, ní 2016 iná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Agbára rẹ̀ ju 11,000 mẹ́gáwáàtì lọ. Ta ni ò fẹ́ iná? Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n sé omi sí, omi ò sáré mọ́. Níbi tí odò ti yí kọrọ, tó gùn tó nǹkan bí 100 kìlómítà, omi tó ń kọjá ti dín kù gan-an, torí wọ́n ti darí púpọ̀ nínú rẹ̀ gba ibòmíì. Lápá kan omi bo àpáta mọ́lẹ̀ ó sì dákẹ́, lápá kejì àpáta gbẹ. Ọ̀nà méjèèjì, ewé ò sí, ẹja náà ò sì rí jẹ.

Àwọn ará Juruna tó ń pẹja níbẹ̀ ò kàn jókòó kí wọ́n máa sunkún. Láti 2013, kí wọ́n tó sé omi rárá, làwọn pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ti ń ṣírò ẹja tí wọ́n pa, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí nǹkan fi hàn nígbà tí wọ́n ní ẹja ti dín kù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká máa kọ iye tá a rà àti iye tá a tà sínú ìwé. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, ìwé yẹn ló máa gbà wá sílẹ̀.