Òkúta tó ń dún fún àgbẹ̀

Bill Mollison àti David Holmgren, ará Ọsirélíà, ló gbé orúkọ "permaculture" jáde nínú ìwé wọn ní 1978: iṣẹ́ oko tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ ọ̀hún ti wà nílé wa kí orúkọ yẹn tó dé.

Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Sokodé lọ sí Kara, ẹ ó rí òkè àwọn Kabyè. Wọ́n to òkúta bí àtẹ̀gùn sára òkè, kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi ń bọ́ ilẹ̀ náà.

Òkúta náà ni wọ́n ń lù bí ìlù. Lẹ́yìn ìkórè, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á tẹ́ koríko gbígbẹ, wọ́n á to òkúta pẹlẹbẹ mélòó kan lé e, wọ́n á máa fi òkúta mìíràn lù ú. Ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá kó lọ sí Lomé tán, ta ló máa tún àtẹ̀gùn tó wó tò? Ta ló máa lu òkúta? Àwa náà ní orin ọ̀wẹ̀ tí bàbá wa fi ń kọ ebè. Ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ́ lóko, káwọn ọmọ gbọ́.