Kọ́bọ̀ oníhò inú àpótí ìyá yín: èló ló tó gan-an?

Ìyá kan láti Agbowó pè wá lórí fóònù láìpẹ́ yìí. Wọ́n ní àwọn rí kọ́bọ̀ oníhò kan nínú àpótí ìyá àwọn tó ti dolóògbé. Ọdún 1936 ló wà lára ẹ̀, ẹnì kan lórí Facebook sì ti ní òun máa fi mílíọ̀nù méjì náírà rà á. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí wọ́n kọ́kọ́ san ₦35,000 owó ìforúkọsílẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ wọn ló wà lọ́wọ́ wọn, òun ni wọ́n fẹ́ fi san án. A ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó kankan."

Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kọ́bọ̀ yẹn ná, torí òun gan-an ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Kí náírà tó dé ní 1973, kí Central Bank wa pàápàá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe owó Nàìjíríà jáde ní July 1959, owó kan náà la jọ ń ná pẹ̀lú Gánà (Gold Coast ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn), Sàró àti Gáḿbíà. West African Currency Board tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912 ló ń bójú tó o. Ẹ̀yin àgbà ò ní gbàgbé onínì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè.

Ní January 1936, Edward VIII jọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa di December ọdún kan náà, ó ti fi adé sílẹ̀ nítorí obìnrin tó fẹ́ fi ṣaya. Kò tíì sí àyè láti fi orí ẹ̀ sára owó tí wọ́n ń ná ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n fi dánra wò fi ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ní 2020, Royal Mint kéde pé ẹnì kan san mílíọ̀nù kan pọ́ùn fún ọ̀kan tí wọ́n fi wúrà ṣe. Ìròyìn yẹn làwọn oníjìbìtì ń gbé kiri. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé owó oníhò tiwa kì í ní orí ọba. Orúkọ nìkan ló máa ń wà lára ẹ̀, wọn ò sì nílò láti dúró de àwòrán kankan. Wọ́n ṣe kọ́bọ̀ Edward yẹn jáde ní àìmọye mílíọ̀nù, wọ́n sì kó o wá fún wa. Lónìí, èyí tí ọwọ́ ti fọwọ́ kàn dáadáa ò ju pọ́ùn méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Pípẹ́ nìkan kọ́ ló ń mú owó àtijọ́ wọ́n. Owó bàbà kékeré ayé Constantine, ọba Róòmù, ti lé ní 1,600 ọdún, síbẹ̀ ẹ lè rí èyí tí kò tó pọ́ùn mẹ́wàá rà. Èyí tó ṣe pàtàkì ni mélòó ló kù, mélòó ni èèyàn tó ń wá a, àti báwo ni ara ẹ̀ ṣe rí. Ẹ wo ṣílè tó ní igi ọ̀pẹ lára. Láti 1913 títí di 1919, fàdákà ni wọ́n fi ń ṣe é. Láti 1920, idẹ ti wọ̀ ọ́. Ti fàdákà wúwo tó gíráàmù 5.65, èyí tó lé ní 5 nínú ẹ̀ sì jẹ́ ojúlówó fàdákà, torí náà kò yẹ kó lọ sílẹ̀ ju iye tí fàdákà ń lọ lọ́jà.

Ẹ má sì fọ̀ ọ́ o! Kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́, kì í ṣe eérú. Èmi tí mò ń kọ èyí ti fọ ṣílè bàbá bàbá mi rí. Ó dán gbinrin. Ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ tí mo fi hàn kàn mi orí ni.

Ọ̀rọ̀ gbàǹjo wá ńkọ́? Àwọn ilé gbàǹjo bíi Spink, tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1666, àti Noonans, máa ń ta owó wa yìí nígbà míì, èèyàn sì lè jókòó sí Bódìjà kó máa pe owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo iye tí wọ́n ti ta irú ẹ̀ rí, wọ́n máa ń gbé e síta. Lórí eBay, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Sold items" sí. Iye tí ẹni tó ń tà kọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè kọ mílíọ̀nù. Ṣé iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè fún yín ní Gbági lẹ fi ń ra aṣọ ni? Kí ẹ sì rí i pé èyí tí ẹ fi ń wé tiyín jọ ọ́ lóòótọ́: ọdún kan náà, ohun kan náà tí wọ́n fi ṣe é, ara kan náà.

Tí wọ́n bá ti lu òòlù, owó ò tíì parí. Ilé gbàǹjo máa ń fi tiwọn lé e, ó sábà máa ń tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó orí VAT tún lè wà lórí ìyẹn. Bí ìdá ogún bá ni, tí VAT náà sì jẹ́ ìdá ogún, ohun tí ẹ rà ní £100 ti di £124, ká má tíì sọ owó ìfiránṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé £100 ni gbogbo ẹ̀ tó sí lójú yín, £80 ni kí ẹ ti dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó wọlé, torí tí èèyàn méjì bá ti ń bá ara wọn du nǹkan, orí máa ń gbóná.

Ní ti ẹni tó fẹ́ tà, lára owó tí wọ́n bá tà á ni ilé gbàǹjo gidi máa ń yọ tiwọn.

Ìyá wa ti Agbowó padà pè wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé kó yọ ₦35,000 ẹ̀ nínú mílíọ̀nù méjì náà, kó fi ìyókù ránṣẹ́. Ó ti dí nọ́ńbà wọn pa. Wọ́n ti san owó ilé ìwé, ọmọ náà sì ti mú kọ́bọ̀ oníhò lọ fi han tíṣà ẹ̀.