Ìdáǹdè àti Ìgbàmọ́ra nínú Ìjọ Kúékà ti Philadelphia

1. Ìfáàárà

Bí a bá ń ka àwọn ìjọ Kristẹni tí ó kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí òwò ẹrú, a kò lè yọ ìjọ Kúékà sílẹ̀. Ìyìn yìí tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀tọ̀ ni kí á dá ènìyàn sílẹ̀ lóko ẹrú, ọ̀tọ̀ ni kí á gbà á mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ará. Ìtàn ìjọ náà ní Philadelphia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a ó fi ṣe àlàyé.

2. Bí wọ́n ṣe dé ìdí ìdáǹdè

Ní 1688, Francis Daniel Pastorius àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn ní Germantown, nítòsí Philadelphia, kọ ìwé ẹ̀hónú sí ìjọ. Ohun tí wọ́n sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá: bí a bá ti fẹ́ kí ọmọnìkejì ṣe sí wa ni kí á ṣe sí i, ohun yòówù kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìpàdé oṣooṣù ní ọ̀ràn náà wúwo ju àwọn lọ, ó gbé e fún ìpàdé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí náà gbé e fún ìpàdé ọdọọdún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì sùn sí.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé ohun tí ó fà á. Àwọn Kúékà kì í dìbò. Akọ̀wé ìpàdé ni yóò fetí sí gbogbo ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀, tí yóò sì kọ ibi tí ọkàn ìpàdé fì sí sílẹ̀. Bí ọkàn kò bá ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ kò lè tẹ̀ síwájú. Àwọn ará tí ó ní ẹrú sì wà lára àwọn tí ọkàn wọn gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Ìdí nìyí tí ìpàdé ọdọọdún ti 1758 fi yan John Woolman àti àwọn mìíràn láti máa bẹ àwọn tí ó ní ẹrú wò nílé, kí wọ́n lè yí wọn lọ́kàn padà. Ìgbà tí ó di 1776 ni ìpàdé tó pàṣẹ pé kí á yọ ẹni tí ó bá kọ̀ láti dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú ìjọ. Ọdún 88 ni ó wà láàárín ìwé Germantown àti àṣẹ yìí.

3. Àga tí a yà sọ́tọ̀

Ní 1796, ìpàdé ọdọọdún gbà pé àwọ̀ ara kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtidi ọmọ ìjọ. Lórí ìwé, ọ̀ràn ti parí. Ṣùgbọ́n ní 1837, Sarah Mapps Douglass, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú tí ìyá rẹ̀ ń jọ́sìn ní ilé ìpàdé Arch Street, kọ lẹ́tà sí William Bassett, tí òun náà jẹ́ Kúékà. Ó ròyìn pé àga gbọọrọ kan wà tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, àti pé láti kékeré ni òun ti ń gbọ́ tí wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn funfun pé kí wọ́n má jókòó níbẹ̀.

Ní ọdún 1837 kan náà ni a fi owó ogún tí Richard Humphreys, ọmọ ìjọ Kúékà, fi sílẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú. Òun ni ó di Yunifásítì Cheyney lónìí. Nítorí náà, a kò lè sọ pé àwọn ará ahun ni wọ́n. Ìtọrẹ àti ìdáǹdè ṣe é ṣe láìjẹ́ pé ẹni tí ó ṣe é sún kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí á wo ètò ìpàdé lẹ́ẹ̀kan sí i: ètò tí ó fún olówó ẹrú láyè láti dá ọ̀rọ̀ dúró kò ka ọkàn ẹni tí ó jókòó lórí àga náà mọ́ ọkàn ìpàdé, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀, bíi ìyá Douglass, lè máa jọ́sìn lọ láìdi ọmọ ìjọ.

4. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Òwe yìí jẹ́rìí pé ọmọ ènìyàn ni ẹrú. Àmọ́ bí ọ̀nà ilé baba bá jìn kọjá ohun tí a lè rìn padà, a jẹ́ pé ibi tí ẹni òmìnira wà ni ó gbọ́dọ̀ ti rí ará. Àbá wa ni pé kí ẹni tí yóò bá ṣe ìwádìí lórí irú ìjọ báyìí má fi mọ sórí ọdún tí ó dá ẹrú sílẹ̀. Kí ó wádìí ẹni tí ó jókòó síbi kan, àti ẹni tí a ka ọkàn rẹ̀ kún nígbà tí a ń ṣe ìpinnu.