Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ṣíṣe Àwòṣe Ọkọ̀ Ìjà Onírin

Ohun tí a gbé síwájú nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí ṣe lè to àwòṣe ọkọ̀ ìjà onírin, kí ó sì fín ọnà sí i lára títí yóò fi jọ ojúlówó. Bí a bá ti ń ṣàlàyé ni a ó máa dábàá ọ̀rọ̀ ìperí fún iṣẹ́ náà àti fún ohun èlò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá béèrè pé kí ni ó kan ìperí sáyẹ́ǹsì nínú ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré, èsì wa ni pé ìmọ̀ ìṣirò, ìmọ̀ kẹ́míkà àti ìmọ̀ irin ni ó pàdé lórí tábìlì kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ kékeré yìí. Èdè tí kò bá lè tọ́ ọmọ ọdún méjìlá sọ́nà dé òpin irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣetán láti kọ́ ọ ní bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ gidi.

Ọ̀rọ̀ kìíní tí ó yẹ kí a yanjú ni orúkọ ohun náà gan-an. Táǹkì ni àwọn ènìyàn ń pè é, ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ará ilé wa pé a ra táǹkì, omi ni wọn yóò máa retí. Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dà rú mọ́ lójú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkọ́kọ́ irú ẹ̀rọ yìí ní ìlú Lincoln ní ọdún 1915, àṣírí ńlá ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní orúkọ ohun tí a ń fi gbé omi, kí amí ọ̀tá má baà fura. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916, ẹ̀rọ náà wọ ojú ogun fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Flers, ní ilẹ̀ Faransé. Àṣírí tú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀tàn náà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. A kò rí ìdí tí àwa yóò fi yá ẹ̀tàn ẹlòmíràn lò. ‘Ọkọ̀ ogun’ nìkan kò sì tó, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ yóò rò. Nítorí náà, ọkọ̀ ìjà onírin ni a ó máa lò níhìn-ín, a ó sì fi táǹkì sílẹ̀ fún omi. Ìbọn ńlá orí rẹ̀ ti ní orúkọ láyé àtijọ́: àgbá ni. Ibi tí àgbá ti yọ jáde, tí ó lè yí sí ọ̀tún àti sí òsì, ni a pè ní orí ayípo. Ẹ̀wọ̀n irin tí ọkọ̀ náà ń tẹ́ sílẹ̀ níwájú, tí ó ń rìn lé lórí, tí ó sì ń ká nílẹ̀ lẹ́yìn, ni a pè ní ẹ̀wọ̀n àtẹ̀rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò ó mọ́ ẹ̀wọ̀n ẹlẹ́wọ̀n.

Àwòṣe tìkára rẹ̀ kò ṣàìní wàhálà tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun tí a ń wò kí a tó ṣe òmíràn, ó sì lè jẹ́ òmíràn tí a wo nǹkan ṣe. Ìtumọ̀ kejì ni a mú lò. Ọkọ̀ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Sherman ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe tó nǹkan bí 49,000 láàárín ọdún 1942 sí 1945. Òṣùwọ̀n ìdínkù tí ó wọ́pọ̀ jù fún irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ ni 1/35, ìyẹn ni pé mítà kan di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Kò sí ọgbọ́n ìṣirò kan lẹ́yìn 35 yìí. Ilé iṣẹ́ Tamiya ní ilẹ̀ Japan ni ó ṣe àwòṣe ọkọ̀ Panther ti Jámánì ní ọdún 1961. Bí mọ́tò àti bátìrì tí wọ́n fẹ́ kì sínú rẹ̀ ti tóbi tó ni wọ́n fi pinnu bí àwòṣe yóò ti tóbi tó. Lẹ́yìn tí ó ti tà dáadáa ni wọ́n wọ̀n ọ́n, tí wọ́n rí i pé ó súnmọ́ 1/35, ni ayé bá tẹ̀lé e.

Sherman gùn tó mítà 5.84, ó sì fẹ̀ tó mítà 2.62. Bí a bá pín èyí sí ọ̀nà 35, yóò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 16.7, yóò sì fẹ̀ ní 7.5. Ọmọ ogun tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 175 yóò di sẹ̀ǹtímítà 5 géérégé. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé ìdínkù ti gígùn yàtọ̀ sí ti ojú àti ti inú. Ọ̀dà tí yóò kun ojúlówó kan yóò kun àwòṣe 1,225, nítorí 35 ní ìlọ́po 35 ni. Irin tí a fi ṣe ojúlówó kan yóò sì ṣe àwòṣe 42,875. Ọkọ̀ tí ó wọn ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù ìbá wọn nǹkan bí 700 gíráàmù péré bí a bá fi irin kan náà ṣe àwòṣe rẹ̀. A kì í fi irin ṣe é, ṣá. Ike tí a ń pè ní polisitáírìnì ni, èyí tí wọ́n gbóná títí ó fi rọ̀, tí wọ́n sì fi agbára tì sínú ohun àfidà onírin.

Bí a bá ṣí páálí rẹ̀, a ó rí àwọn ẹ̀yà bí wọ́n ti so mọ́ ẹ̀ka ike bí èso. Ibi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀yà ti so mọ́ ẹ̀ka ni a dábàá pé kí a máa pè ní ìwọ́, nítorí ibẹ̀ ni ike gbà wọ inú ẹ̀yà kí ó tó di odidi, bí oúnjẹ ti ń gba ìwọ́ wọ ara ọmọ inú oyún. Kí a má ṣe fi ọwọ́ já a. Kí a fi abẹ mímú gé e ní ìgbésẹ̀ méjì: kí a kọ́kọ́ gé e jìnnà díẹ̀ sí ara ẹ̀yà, kí a wá ré ìyókù, kí a sì fi sáńpépà dán ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé e mọ́ra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò ya ara ẹ̀yà mọ́ ọn.

Ibi tí a ti fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ síso ẹ̀yà pọ̀. ‘Lẹ̀ pọ̀’ ni gbogbo ènìyàn ń sọ, a sì rò pé àṣìṣe ni, àṣìṣe tí ó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́. Nígbà tí a bá fi àtè lẹ nǹkan méjì, àtè náà dúró láàárín wọn bí ẹni kẹta. Ẹ̀yà méjèèjì kò yí padà. Oje tí a ń lò fún polisitáírìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ́ ojú ike níhà méjèèjì, ike tí ó yọ́ níhìn-ín wọ inú èyí tí ó yọ́ lọ́hùn-ún, oje náà sì fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ohun tí ó kù di ẹyọ kan. Iṣẹ́ jórinjórin ni èyí súnmọ́. Ìyọ́pọ̀ ni a ó pe èyí, a ó sì fi ìlẹ̀pọ̀ sílẹ̀ fún ti àtè. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní da oje púpọ̀ sórí ẹ̀yà nítorí pé ó fẹ́ kí ó le. Yóò mọ̀ pé bí oje bá ti pọ̀ tó ni ike yóò ti bàjẹ́ tó. Yóò fi ẹ̀yà méjì kanra, yóò fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan etí ojú ìpàdé wọn, ojú ìpàdé náà yóò sì fa oje wọlé fúnra rẹ̀. Yóò mọ̀ pẹ̀lú pé oje yìí kò lè ran ẹ̀yà tí a fi idẹ ṣe, nítorí oje kò lè yọ́ idẹ. Àtè ni ti idẹ. Kí ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ o, nítorí òórùn oje náà kò dára fún ara.

Èmi tí mo ń kọ èyí kò mọ ìyàtọ̀ náà nígbà tí mo ṣe àkọ́kọ́ tèmi. Mo da oje sórí orí ayípo, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí ó lè mú. Ìlà ọwọ́ mi wà níbẹ̀ títí di òní, ó hàn lábẹ́ ọ̀dà ketekete. Mo tún ti fi ẹ̀wọ̀n àtẹ̀rìn sí i kí n tó rántí ọ̀dà, ni búrọ́ọ̀ṣì kò bá ráyè dé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nítorí náà, ètò tí a dámọ̀ràn ni pé kí a to ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a to òkè, kí a to orí ayípo lọ́tọ̀, kí a kun ún, kí a tó mú ẹ̀wọ̀n wá.

Fún iṣẹ́ tí ó kàn, a kò ní láti wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà wa bá ti gbẹ́ ère tán tí ó sì ti dán an, yóò fín in: yóò fa ilà irun, ilà ojú àti ọnà aṣọ. Fínfín gan-an ni iṣẹ́ yìí. Ohun tí a ń fín sì sinmi lórí bí wọ́n ti ṣe ojúlówó. Dídà ni wọ́n da orí ayípo Sherman, bí wọ́n ti ń da idẹ ní Ifẹ̀ àtijọ́. Nítorí náà ojú rẹ̀ kò dán, ó rí wúruwùru. Kí a fi oje pa ojú ike náà, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó gún un jẹ́jẹ́ káàkiri kí ó tó gbẹ. Ara ọkọ̀ tí a ń pè ní M4, ní tirẹ̀, pẹrẹsẹ irin ni wọ́n jó pọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ojú ìjópọ̀ gbọ́dọ̀ yọ síta bí àpá. Ẹnu àgbá ojúlówó ṣí ní mìlímítà 75, nítorí náà ihò mìlímítà 2 ó lé díẹ̀ ni a ó lu sí ti àwòṣe. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni èyí ń gbà, kò sì sí ohun kékeré mìíràn tí ń yí àwòṣe padà tó o.

Ní ti ọ̀dà, àwọ̀ ewé tí ó ṣú, tí ó fara pẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ni ti ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Kí a má ṣe kùn ún bí ó ti rí lára ojúlówó, nítorí ohun kékeré tí a kun ní àwọ̀ ohun ńlá máa ń dúdú jù lójú. Kí a fi funfun díẹ̀ là á. Bí ó bá gbẹ, kí a po ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ mọ́ omi púpọ̀ kí ó sàn wọ kòtò àti ẹ̀yìn ìdè: ìsànwọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí a ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà tí ó mọ́lẹ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ, kí a nù ún sára àkísà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, kí a wá rà á lé etí àti ṣóńṣó. Ìràlé ni a pe èyí. Ìsànwọ̀ ń mú ihò jìn sí i, ìràlé ń mú etí yọ sí i.

Àwọn kan ti dábàá ìsọdogbó fún àpapọ̀ iṣẹ́ ìdọ̀tí tí ó tẹ̀lé èyí. A kò fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìjà ni kò pẹ́ láyé tó láti gbó. Ìlò ni ó bà wọ́n lójú jẹ́. Ìsọdàlò ni ó tọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó tọ̀nà a sì dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kun àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀: ẹni tí ó bá rò pé ògbólógbòó ni òun ń ṣe yóò fi ìpáàrà kun gbogbo rẹ̀, títí dé ẹ̀wọ̀n àtẹ̀rìn. Bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà ni ó bo ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n Sherman, rọ́bà kì í sì í dógùn-ún. Eruku àti ẹrẹ̀ ni kí ó wà níbẹ̀, kí irin etí ẹ̀wọ̀n sì máa dán níbi tí eyín irin ti ń họ ọ́.

Ó ku ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí rédíò fi ń gba ohùn. Kí a má ṣe rà á. Kí a mú ègé ẹ̀ka tí a ti gé ẹ̀yà kúrò lára rẹ̀, kí a yí i lókè iná àbẹ́là láìjẹ́ kí iná kàn án, títí àárín rẹ̀ yóò fi rọ̀. Kí a mú un kúrò lórí iná, kí a sì fà á. Bí a bá fà á jẹ́jẹ́, yóò nípọn. Bí a bá yára, yóò tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Àfàgùn ni a sọ ọ́. Kí a jẹ́ kí ó tutù kí a tó gé e, kí a sì fi í sí i kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nítorí òun ni apá aṣọ yóò kọ́kọ́ ṣẹ́.