Táyà wo ló yẹ mọ́tò spọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ fi ń pawó?

Bó bá ti di ọjọ́ Sátidé ní Ìsọlọ̀, Òkè-Àfà àti Òṣòdì, kì í pẹ́ téèyàn yóò fi rí mọ́tò spọ́ọ̀tì tí wọ́n ti fi rìbọ́ọ̀nù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tó ń gbé ọkọ àti ìyàwó lọ síbi àríyá. Fáàjì ló jẹ́ fáwọn tó wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ajé ni fún ẹni tó ni ín. Owó gidi ló fi ra mọ́tò náà, ó sì gbọ́dọ̀ fi í pa owó ọ̀hún padà. Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fojú kéré, ìyẹn ni táyà. Ẹ́ńjìnnì lè dáa, ọ̀dà ara ẹ̀ lè máa dán gbinrin, bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, kì í ṣe owó iṣẹ́ ọjọ́ náà nìkan ló wọgbó. Ẹ̀mí èèyàn ti wọ̀ ọ́, orúkọ téèyàn sì ti fọdún gbáko kọ́ náà ti wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá dé ọjà Ládípọ̀ láti wá táyà míì, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé “all-season ni, kò sí wàhálà.” Kí wá ló ń jẹ́ all-season?

Láwọn orílẹ̀-èdè tí yìnyín ti ń bọ́, oríṣi táyà mẹ́ta ni wọ́n ń tà. Èkíní ni ti ìgbà ooru, èyí tí rọ́bà ẹ̀ le díẹ̀. Èkejì ni ti ìgbà òtútù, èyí tí rọ́bà ẹ̀ rọ̀ kó má baà gan bí igi nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù ju ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Ẹ̀kẹta ni all-season, tó wà láàárín méjèèjì. Ìlú Èkó kì í tutù débẹ̀ láéláé. Òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìgbà tiwa. Nítorí náà, ohun tá a nílò ni táyà tó lè fa omi kúrò lábẹ́ ara ẹ̀ kíákíá, tó sì lè fara da ooru.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ko àgbákò nìyí. Púpọ̀ nínú táyà tòkúnbọ̀ tó ń ti Yúróòpù wá ló jẹ́ ti ìgbà òtútù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà dáadáa. Bí ẹ bá rí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín wà láàárín ẹ̀, táyà òtútù ni lọ́pọ̀ ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn all-season kan náà ní in. Rọ́bà rírọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jẹ nínú oòrùn Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí mọ́tò tètè dúró béèyàn bá tẹ bíréèkì. Èyí tí wọ́n kọ M+S nìkan sí lára, tí kò ní àwòrán yìí, all-season tàwọn ará Amẹ́ríkà ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Ṣé all-season wá dáa fún mọ́tò spọ́ọ̀tì? Bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ràn eré àsápajúdé, táyà ìgbà ooru tí wọ́n dìídì ṣe fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ló ń di ojú ọ̀nà mú jù, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹ. Ẹni tó ń fi tiẹ̀ gbé ọkọ àti ìyàwó kò wá eré. Kí táyà pẹ́ ló ń wá, kó sì má yọ̀ nínú òjò. All-season tó dáa bá iṣẹ́ tiẹ̀ mu jù. Lára àwọn táyà tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta: Treadwear, Traction àti Temperature. Bí nọ́ńbà Treadwear bá ṣe pọ̀ tó ni táyà ṣe máa pẹ́ tó. 200 kì í pẹ́ tó 400. Traction ń sọ bó ṣe ń dúró lójú ọ̀nà tó tutù, AA ló ga jù, A ló tẹ̀ lé e. Temperature ń sọ bó ṣe ń fara da ooru, A ló dáa jù níbẹ̀. Fún Èkó, ẹ má ṣe gba ohun tó kéré sí A nínú méjèèjì yìí.

Ìwọ̀n táyà náà kì í ṣe ohun téèyàn ń méfò. Bí wọ́n bá kọ 225/45R17 91W, 225 ni fífẹ̀ ẹ̀ ní mìlímítà, 45 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, 17 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní ínǹṣì. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 615 kílò, W sì ni pé ó lè fara da eré 270 kìlómítà ní wákàtí kan. Lóòótọ́, òfin ìrìnnà wa kò gbà kí mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ sá ju 100 lọ ní ọ̀nà márosẹ̀, ṣùgbọ́n táyà tí lẹ́tà ẹ̀ ga máa ń fara da ooru ju èyí tó kéré lọ. Ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ dírẹ́bà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tì yín sínú ríìmù ńlá tí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀ tín-ín-rín, torí kòtò kan ṣoṣo tó láti fọ́ méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ orí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ 2223, ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà àti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé kéèyàn má lo táyà tó ti kọjá ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bí ojú ẹ̀ bá tilẹ̀ ń dán bíi tuntun, rọ́bà tó ti gbó ti gbó náà ni. Táyà tuntun pàápàá ní ewu tiẹ̀, torí àwọn kan máa ń ki táyà méjì tàbí mẹ́ta sínú ara wọn kí àyè lè gbà wọ́n nínú kọ̀ǹténà. Wáyà inú ẹ̀ ti lè ṣẹ́ kó tó dé Èkó. Bí etí táyà bá wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn.

Kò yani lẹ́nu pé kọ̀ǹténà la gbójú lé. Michelin ti iléeṣẹ́ ẹ̀ ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Ikẹjà lọ́dún 2008. Ti tòkúnbọ̀, ó wà lára ọjà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin dè, àyàfi àwọn táyà tírélà ńlá tí wọ́n fẹ́ tún rọ́bà wọn ṣe. Síbẹ̀ àwọn oníṣòwò ń rà á nítorí owó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní tòkúnbọ̀ kan jẹ́ 25,000 náírà, tó sì lo oṣù mẹ́jọ, 3,125 náírà lẹ ná lóṣù kan. Ká ní tuntun jẹ́ 90,000, tó sì lo oṣù mẹ́rìndínlógójì, 2,500 náírà péré ni. Àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé láti fi owó tẹ́ ẹ máa dá padà fún oníyàwó kún un, bí táyà bá bẹ́ lọ́jọ́ ìnáwó ẹ̀.

Bí owó kò bá tó ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ra méjì, kẹ́ ẹ sì fi í sẹ́yìn bí ìwọ̀n tiwájú àti tẹ̀yìn bá dọ́gba. Bí ẹ̀yìn mọ́tò bá yọ̀ nínú òjò, dírẹ́bà kì í lè kó o ní ìjánu mọ́. Àwọn mọ́tò kan wà tí kò ní táyà àpòjù torí pé táyà run-flat ni wọ́n bá a wá. Bẹ́ ẹ bá fi táyà lásán rọ́pò ẹ̀, ẹ wá àpòjù sínú búùtù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe aláìnmẹ́ǹtì àti bálánsìn, kẹ́ ẹ sì máa yẹ atẹ́gùn wò láàárọ̀ kí mọ́tò tó rìn, torí táyà tó ti gbóná máa ń tan géèjì jẹ.

Ẹ ní kí ẹni tó ta táyà fún yín kọ nọ́ńbà DOT ẹ̀ sórí rìsíìtì. Ẹni tí kò bá gbà láti kọ ọ́, ẹ fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ pé kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Ẹsẹ̀ mọ́tò náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.