Ẹ Gba Agbára Ẹ́ńjìnnì Yín Padà
Bí ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń gbé ọkọ̀ yín lórí ọ̀sà kò bá sáré mọ́, ẹ má tíì yáwó ra ńlá. Ẹ wo ohun tó ń jẹ agbára rẹ̀ ná.

Ẹ fa ọkọ̀ gòkè, kí ẹ ha ìkarahun ìdí rẹ̀ dànù. Ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀; omi lítà 50 wúwo tó kílò 50. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lábẹ́ omi: bí etí rẹ̀ bá ti kán, agbára ń ṣòfò. Ẹ fọ púlọ́ọ̀gì.

Bí a bá ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, ẹ tẹ̀lé nọ́ńbà inú ìwé rẹ̀. 50:1 ni pé pẹtiróòlù lítà 50, ọ́ìlì lítà 1. Ẹ̀yin náà ti lè kà á báyìí.

Ìjì kì í dúró de ẹ́ńjìnnì tó ń wúkọ́.