Ọ̀rọ̀-Kọ́kọ́rọ́ Nínú Ìkọ̀wé Àṣírí: Òkìtìpupa Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà
Fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba ńlá wa a máa pa àrokò. Nínú ẹnà, a máa ń fi sílébù mìíràn há àárín ọ̀rọ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń ṣàlàyé ni ìkọ̀wé àṣírí tí a ti ń fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é
Lẹ́tà 25 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ẹyọ kan ni gb. Ká ní àwọn ọ̀rẹ́ méjì ní Erinje fi Òkìtìpupa, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ṣe kọ́kọ́rọ́. Wọn yóò yọ àmì ohùn àti lẹ́tà tí ó bá tún jẹyọ kúrò, yóò ku o k i t p u a. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò to àwọn lẹ́tà yòókù tẹ̀lé e:

Gidi: a b d e ẹ f g gb h i j k l m n o ọ p r s ṣ t u w y
Ìbòjú: o k i t p u a b d e ẹ f g gb h j l m n ọ r s ṣ w y

Nípa báyìí, “owó dé” di “jwj it”. Ẹni tí ó gbà á yóò wo ìlà ìsàlẹ̀ láti mọ ti òkè.

Lẹ́tà w àti y nìkan ni kò yí padà. Bí ó bá jẹ́ Ìkálẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ, àti gbogbo lẹ́tà láti m dé y, ni ìbá wà bí wọ́n ṣe wà. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀-kọ́kọ́rọ́ ní lẹ́tà ìparí álífábẹ́ẹ̀tì nínú.

Àléébù rẹ̀
Ìbòjú kan náà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń lò nígbà gbogbo. Láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni al-Kindi, onímọ̀ ará Baghdad, ti fi hàn pé kíka iye ìgbà tí lẹ́tà jẹyọ lè tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Ìhun èdè wa tún ń ran atúdìí lọ́wọ́: kọ́ńsónáǹtì kì í so pọ̀, fáwẹ̀lì ni ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹni tí ó rí “jwj” yóò ronú kan owó, ewé tàbí ọkọ. Bí a bá fi àmì ohùn sí i, àmì náà yóò tú fáwẹ̀lì fó; bí a bá yọ ọ́, owó àti òwò di ọ̀kan náà.

Àgbálọgbábọ̀
Ọgbọ́n yìí wúlò fún kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì àti ìhun sílébù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àṣírí owó tàbí ti ẹ̀mí rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.